Àmín Tí Ọmọ Mi Kò Ṣe

Ká ní olè ni ọmọkùnrin tí ọmọ mi fẹ́ fẹ́, ara ì bá tù mí díẹ̀. Olè ṣì lè ronú pìwà dà. Ohun tí mo fura sí lára rẹ̀ burú ju olè lọ lójú tèmi: mo rò pé kò gbà pé Jésù bá Baba dọ́gba.

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Nathan Way, ní ìlú òyìnbó níbí. Lóṣù yẹn, ìjà àwọn bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ ni mò ń kọ́ wọn. Àwọn kan ní ìgbà kan wà tí Ọmọ kò sí, pé Baba ló dá a. Àwọn yòókù ní rárá o, bí Baba ṣe jẹ́ Ọlọ́run láti ayérayé ni Ọmọ náà jẹ́. Wọ́n lé ara wọn kúrò nílùú nítorí rẹ̀. Mo fọwọ́ lu tábìlì, mo ní ẹni tó bá rẹ Ọmọ sílẹ̀ kò ní fẹ́ ọmọ mi láéláé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọmọkùnrin yìí. Tí a bá ń kọrin pé Jésù ni Ọlọ́run, ojú rẹ̀ á yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹnu rẹ̀ á dákẹ́. Tó bá ń gbàdúrà, "Baba, Baba" ṣáá ni. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Mo pè é wá bá èmi àti ọmọ mi jẹun nílé wa ní Thamesmead lẹ́yìn ìsìn. Mo gbé ìrẹsì kalẹ̀, mo ní kó gbàdúrà sí i. Pańpẹ́ ni mo dẹ. Ó dijú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba, ó wá ní, "Jésù Olúwa, Ọlọ́run wa tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ." Mo ṣe àmín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí ìdérí ìkòkò. Ojú tì mí, inú mi sì dùn.

Àmọ́ àmín tèmi nìkan ni mo gbọ́. Mo yíjú sí ọmọ mi. "Ìwọ ń kọ́?"

"Mummy, I can't say amen to that. Ìwọ lo sọ fún mi. Anytime tí mo bá answer back, o máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. So báwo ni Ọmọ ṣe máa equal Baba ẹ̀?"

Mo bi ọmọkùnrin náà bóyá ó mọ̀.

"Ẹ má bínú, Mummy. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Tá a bá ń kọ orin yẹn, òun ni mo máa ń wò, bóyá ó máa kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Láti kékeré ni mo ti ń fi òwe yẹn bá ọmọ náà wí, nínú bọ́ọ̀sì Woolwich, ní ilé ìdáná, níwájú àlejò. Ìwà ni mo rò pé mò ń kọ́ ọ. Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú, ó sì kó àwo lọ. Inú bí mi, àmọ́ n kò mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọmọkùnrin náà pè mí láti Èkó. Ó ní òun fẹ́ béèrè ohun kan kí àwọn tó wá tọrọ ìyàwó: ṣé ọmọ mi gba Jésù gbọ́ dáadáa, kì í ṣe ti ẹnu lásán? Mo gbọ́ ìfura nínú ohùn rẹ̀. Ohùn tèmi gan-an ni.

Mo ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ, Mummy."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó tán nìyẹn. Ọkàn mi balẹ̀."