Ìyìn Ni Wọ́n Fi Pa Barnabas Ògúndélé

Wọ́n ti pa Barnabas Ògúndélé. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la sin ín ní Iléṣà, nínú pósí tí a kò lè ṣí fún àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí pé àwọn tó pa á kò fi ojú sílẹ̀ fún wíwò. Àdá ni wọ́n fi ṣá a, lẹ́nu ọ̀nà ilé oko rẹ̀ lẹ́yìn Iperindo, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn èèyàn ń ti oko bọ̀. Wọ́n ṣá a lórí. Wọ́n ṣá apá tó nà sókè láti fi gba orí sílẹ̀. Wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbójú kúrò. Bí ẹ bá lè fi ìròyìn àwọn olóṣèlú jẹ oúnjẹ àárọ̀, ẹ ó lè ka èyí náà.

Àwọn tó ṣá a lórúkọ, mo sì máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ló ṣáájú àdá.

Ẹ̀ṣọ́ igbó ọba ni Barnabas, irú àwọn tí a máa ń pè ní fọ́rẹ́sítà. Orí bẹ́ǹṣì kan náà lèmi àti ẹ̀ jókòó sí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Iléṣà. Nígbà tí a jáde, èmi wá iṣẹ́ akọ̀wé lọ sí Òṣogbo, sínú ọ́fíìsì tí fáànù wà lókè rẹ̀. Òun yan igbó. Ìyá rẹ̀ sunkún, ó ní ta ló ń rán ọmọ tó ka ìwé lọ bá ejò gbé. Ọdún márùndínlógójì ló lò níbẹ̀. Ejò bù ú jẹ, kò kú. Ẹ̀ka igi já lù ú léékún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Agégẹdú kan tó ká mọ́ ìdí ẹ̀ṣẹ̀ fi pákó gbá a létí, etí òsì sì di títí ayé.

Bó bá wá sí Òṣogbo wá kí wa, ìgbín ló máa ń dì sínú ewé fún ìyàwó mi. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀, á pariwo wọlé: "Ìyàwó mi, ṣé Nehemiah ń jẹ́ kí ẹ sùn, àbí àníyàn ló ń bá a jí lójoojúmọ́?" Ìyàwó mi á ní, "Ọkọ mi, ẹ bá mi mú un lọ sínú igbó yín." Òun á ní ẹranko inú igbó kò lè fara da òun àti àròyé mi. Ohùn ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Etí kan ló fi ń gbọ́ orin, kò sì fìgbà kan ṣì í kọ.

Nígbà tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kù díẹ̀, mo bi í pé kí ló fẹ́ ṣe.

"Màá kọ́lé oko sétí ugbó," ló fi ohùn Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ dá mi lóhùn. "Màá gbin kòkó. Màá máa wò ó."

"Ṣé igbó yìí kò tíì jẹ ẹ́ yó ni? Ó ti jẹ etí, ó ti jẹ eékún."

"Èyí tó kù ni mo fẹ́ gbé lọ fún un," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ara mi bù máṣọ. Ó ní ara mi máa ń bù máṣọ bí adìẹ bá wú ikọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn awagóòlù kan ya wọ inú igbó ọba. Kì í ṣe àwọn ará abúlé tó ń fi ọkọ́ wá oúnjẹ òòjọ́ ni mò ń wí o. Ẹ̀rọ làwọn yìí gbé wọlé. Wọ́n hú igi tìdí tìdí, wọ́n sì sọ odò tí àwọn abà ń mu di ẹrẹ̀ pupa. Òkìkí ni wọ́n ń pe olórí wọn. Barnabas àti ẹ̀ṣọ́ kan mìíràn ló ta ìjọba lólobó ní bòókẹ́lẹ́. Àwọn agbófinró ya bo ibẹ̀, wọ́n kó ẹ̀rọ, Òkìkí sì ṣẹ̀wọ̀n.

Nígbà tó jáde, ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé lọ́wọ́ kiri: "Ta ló tú wa fó?" Ó fura sí àgbẹ̀ kan tí kò mọ nǹkan kan. Òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ na ọkùnrin náà lójú àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n fi òkúta fọ́ egungun itan rẹ̀. Barnabas gbọ́, ó gbọ̀nà Òṣogbo lọ. Ó bá ọ̀gá rẹ̀, ẹni tí í ṣe olórí ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó igbó, Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ̀dé. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí orúkọ òun àti ti ẹnìkejì má ṣe jáde láéláé.

Oyèbọ̀dé fọwọ́ sọ àyà. "Bàbá Tómisìn, ẹ fọkàn balẹ̀. Inú mi yìí, sàréè ni."

Sàréè! Ó sọ òótọ́. A ti wá mọ ẹni tí wọ́n gbẹ́ ẹ dè.

Ọjọ́ tí Barnabas fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣe ayẹyẹ fún un ní gbọ̀ngàn kan ní Òṣogbo. Mo wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti gba bàtà ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba fèrè, wọ́n gba ọ̀kadà. Sálúbàtà ló wọ̀ jókòó sórí àga ọlọ́lá. Ẹ sì mọ bí àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń ṣe irú ayẹyẹ báyìí. A kì í sọ pé lágbájá ṣiṣẹ́ dáadáa, kí a sì jókòó. Dandan ni kí a yin ti òní ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Oyèbọ̀dé sọ tirẹ̀, ó ní olóòótọ́ ni Barnabas, ó ní kì í pẹ́ lẹ́yìn. Ìyẹn tó, àbí kò tó? Ṣùgbọ́n olùdarí ètò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ọ́fíìsì wọn tó ń jẹ́ Wisdom, fi máìkì kígbe: "Ọ̀gá wa, ìyẹn kéré! Ẹ tú u palẹ̀ fún wa!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Orí Oyèbọ̀dé wú.

"Ẹ rò pé ẹ mọ Bàbá yìí?" ó ní. "Ẹ ò mọ̀ ọ́n! Ta lẹ rò pé ó mú Òkìkí? Ọlọ́pàá? Irọ́ o! Bàbá tó jókòó yìí ni! Òun ló ta wá lólobó! Òun ló júwe ọ̀nà! Ẹ dìde fún akọni!"

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Fóònù kún ojú òfuurufú. Barnabas nìkan ni kò dìde. Ó di apá àga mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì.

Mo sún mọ́ etí rẹ̀ ọ̀tún. "Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ?"

"Etí kan tó kù fún mi gbọ́ ọ."

Mo fi í sílẹ̀, mo lọ bá Oyèbọ̀dé. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó ní kí wọ́n pa ohun tí wọ́n ká sílẹ̀ rẹ́. Ó gbá mi léjìká. "Bàbá, ẹ̀yin náà! Ayẹyẹ la wà. Ẹ lọ jẹ ìrẹsì yín, ó ń tutù." Nígbà tó fi máa di alẹ́, ohun tí wọ́n ká náà ti wà lórí Wásáàpù. Lọ́jọ́ kejì, ní Iléṣà tí mo padà sí láti ìgbà tí èmi náà ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì ládùúgbò mi ló fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ó ń yọ̀ pé òun rí ọ̀rẹ́ mi.

Ẹ̀rù ba Julianah, ìyàwó Barnabas. Ó ní kí àwọn fi oko sílẹ̀, kí àwọn wá máa gbé Iléṣà lọ́dọ̀ Olúwatómisìn, ọmọ wọn. Barnabas kọ̀. Kì í ṣe oríkunkun. "Bí wọn kò bá rí mi, wọ́n á wá ẹnìkejì," ló sọ fún un. "Òun ṣì ń wọ ugbó lọ lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ kéré." Nítorí náà, ó lọ sí Òṣogbo, ó bẹ ọ́fíìsì tó ti lo ayé rẹ̀ fún pé kí ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ máa gba ẹ̀bá oko òun kọjá. Kò béèrè ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní àwọn máa wò ó. Ṣé wọ́n wò ó? Òkìkí ló wò ó.

Kò kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn ará abà fi ọ̀kadà gbé e débi tí ọkọ̀ wà, ó sì bá Julianah sọ̀rọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó tán lára rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó ní Òkìkí ni. Ó ní bó ṣe ń gbé àdá sókè, bẹ́ẹ̀ ló ń fi ohùn Ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ dìde fún akọni! Ẹ dìde fún akọni!" Ṣé ẹ gbọ́, Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ̀dé? Ọ̀rọ̀ yín ló gbọ́ kẹ́yìn kí wọ́n tó la orí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ta ni? Ti Oyèbọ̀dé ṣì ń dán. Ti Barnabas ni wọ́n là.

Èmi àti Julianah lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀dọ́mọdé kan tó wà nídìí káńtà gbójú sókè.

"Mà, ẹlẹ́rìí yín dà?"

"Ọkọ mi ni."

"Ṣùgbọ́n ọkọ yín ti kú, mà."

"Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

Wọ́n mú Òkìkí, wọ́n sì tú u sílẹ̀ kí a tó ra aṣọ òkú. Wọ́n ní ìjà ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ wo? Ilẹ̀ tí ìjọba ní, tí Barnabas ń bá ìjọba ṣọ́? Mo ti fi ojú ara mi rí Òkìkí lẹ́yìn náà, tó ń ra epo sí ọ̀kadà, tó ń bá ọmọge ṣeré. Ó kí mi! Ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, Bàbá." Mo tẹ ọ̀pá mi mọ́lẹ̀, mo kọjá lọ. Bó bá jẹ́ pé mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún ni, kì í ṣe pẹ́ńsùlù ni mi ò bá fi dá a lóhùn.

Olúwatómisìn gba ọ́fíìsì bàbá rẹ̀ lọ. Kí ni wọ́n sọ fún un? Pé ó dun àwọn gan-an, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ àwọn kọ́ ni bàbá rẹ̀ mọ́, ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn pàtẹ́wọ́ fún wọn, òṣìṣẹ́ wọn ni. Nígbà tí wọ́n ń ṣá a, ará ìlú lásán ni. Bàtà nìkan kọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Wọ́n wá síbi ìsìnkú o! Oyèbọ̀dé kò wá; ó ní ìpàdé. Wisdom ló rán, olùdarí ètò, tòun ti aṣọ dúdú àti òdòdó. Àlùfáà fún un ní máìkì kó bá wa kẹ́dùn. Ohùn kan náà ló fi bẹ̀rẹ̀: "Akọni lọ! Akọni sùn! Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òun nìkan kọ́ o! Akọni kejì ṣì wà láàárín wa, ẹni tí wọ́n jọ ta àwọn ọ̀daràn yẹn lólobó. Ẹ jẹ́ kí n pè é jáde, kí a..."

N kò mọ̀ pé opó tó ti ń sunkún láti àárọ̀ lè sáré bẹ́ẹ̀. Julianah gbá máìkì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ yọ ní ètè ọmọ náà.

"Pa á dé! Pa ẹnu ẹ dé!"

"Mà, oríyìn ni mo fẹ́..."

"Gbé oríyìn ẹ lọ fún bàbá ẹ! Ẹ ti yin tèmi tán, ó wà nínú pósí yìí. Ọkọ ta ló kù tí ẹ fẹ́ yìn?"

Àwọn kan nínú ìjọ ń wí pé, "Ẹ ṣe sùúrù, Màmá." Sùúrù fún ta ni? Ẹnìkan nínú wa tẹ orí ba láàárín ìjọ, ó fi ìwé orin bo ojú. N kò ní sọ ibi tó jókòó sí.

Mò ń béèrè, ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mò ń bẹ̀. Kí ìjọba yọ Oyèbọ̀dé nípò, kí wọ́n sì gbé e jókòó níwájú àwọn tó ń ṣe ìwádìí, kó ṣàlàyé bí àṣírí ìjọba ṣe di ohun àríyá. Kí wọ́n mú Òkìkí padà, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, nítorí òkú tó sọ̀rọ̀ kó tó kú ti sọ̀rọ̀. Kí wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ kejì àti ẹbí rẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe lẹ́yìn ìpàdé. Ọ̀sẹ̀ yìí ni.

Àwọn kan ti tẹ̀ mí láago láti béèrè orúkọ ọkùnrin náà. Oníròyìn ni ọ̀kan pe ara rẹ̀. Èkejì ní òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń mí. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkùnrin náà wà nínú igbó, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Mo mọ orúkọ rẹ̀. Ìjọba náà mọ̀ ọ́n. Ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí àdá tó dé.