Òòyà Olórin Orí Ìyá Àgbà

Ìyá tó bí ìyá mi kì í dúró de nǹkan kan lásán. Bí omi bá ń pẹ́ kó tó hó, bí òjò bá sé e mọ́lé, bí ọkọ̀ ojú omi bá ń fi wá falẹ̀ létí Odò Ọya, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí iwájú orí, á yọ òòyà tó fi ṣe irun rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, á gbé e lé orúnkún, á sì máa fi àtàǹpàkò méjèèjì ta eyín rẹ̀. Òòyà náà á dáhùn. Idẹ ni ẹ̀yìn rẹ̀, irin pẹlẹbẹ ni eyín rẹ̀. Eyín méje ni, kò sì sí méjì tó gùn dọ́gba nínú wọn.

Orin kan ṣoṣo ló ń ta. Kò ní ọ̀rọ̀, kò sì gùn. Ní Natako tí à ń gbé nígbà yẹn, nínú àwọn aládùúgbò wa, àti Núpé, àti Ígálà, àti Ẹ̀bìrà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á ní ìyá Òwòrò tún ń dúró de nǹkan. Èmi náà ń gbọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́fà, nígbà tí ìjọba gbé bàbá mi tó jẹ́ akọ̀wé lọ sí Kàdúná, tí òun àti ìyá mi sì fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. N kò bi í rí pé ta ló kọ́ ọ.

Mo dàgbà, mo di tíṣà. Kí n má purọ́, mo gbéra ga. Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Gadumo, mo ń wọ bàtà gogoro, mo sì ń tún Yorùbá ìyá àgbà ṣe mọ́ ọn lẹ́nu. Bó bá kí mi pé, “Ọkún o,” tí àwa Òwòrò fi ń kíni láàárọ̀, tí a sì tún fi ń tuni nínú, èmi á ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.” Á rẹ́rìn-ín, á tún kí mi ní “Ọkún” lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ kan báyìí, mo bẹ ayàwòrán kan pé kó wá ya ìyá àgbà ní Sátidé, kí n lè gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sí yàrá mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan yà kí wa. Bó ti ń lọ, ó ní, “Ìyá àgbà yín mà rẹwà o, àfi eyín òòyà orí wọn tó ti ká.” Àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ojú tì mí gan-an. Mo wá ń rò ó pé eyín jágajàga yẹn ni gbogbo èèyàn á máa wò nínú fọ́tò. Mo gbà pé ogbó ló kán wọn. Orin ńkọ́? Mo rò pé inú àtàǹpàkò ìyá àgbà ni orin wà.

Mo ní kó fún mi ní òòyà náà kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn fọ̀ ọ́. Ó yọ ọ́ fún mi láìbéèrè nǹkan kan. Mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ idẹ kan lẹ́bàá ọjà, bàbá arúgbó ará Núpé, mo ní kó gé gbogbo eyín náà dọ́gba pẹ̀lú èyí tó kúrú jù. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi èékánná ta ọ̀kan.

“Màlámà,” ó ní, bí wọ́n ti ń pe tíṣà obìnrin lọ́dọ̀ wa, “eléyìí ò kán o. Èèyàn ló fi ayùn rẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bi ẹni tó ni ín.”

“Bàbá, ohun tí mo ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ ṣe.”

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo ní bàtà, mo ní aago ọwọ́, mo ní ìwé ẹ̀rí. Nígbà tó gé e tán, bàbá náà na àkísà kan sí mi kí n fi wé òòyà náà, mo kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbé òòyà náà padà wálé. Ó ń dán, eyín rẹ̀ sì tò bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Ìyá àgbà gbà á, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé e lé orúnkún. Kín. Kín. Kín. Eyín méjèèje ń ké bákan náà. Ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó rò pé ọwọ́ òun ló ṣì í. Kín. Kín.

“Ọkọ mi ló rẹ́ wọn,” ó ní. “Odindi ìgbà ọyẹ́ kan ló fi ṣe é, kí n tó wọlé rẹ̀. Á rẹ́ díẹ̀, á ta á gbọ́, á tún rẹ́ díẹ̀. Ó ní bí òun bá lọ sójú omi, kí n máa fi í dúró de òun.”

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bàbá àgbà kò ju pé atukọ̀ ni, pé ó bá odò lọ kí wọ́n tó bí mi, kò sì padà wálé.

Mo kúnlẹ̀. Mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé màá ṣe eyín tuntun sí i, kó ṣáà sọ fún mi bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó.

“Etí rẹ̀ ló fi wọ̀n wọ́n,” ó ní. “Etí yẹn ò sí mọ́. Dìde. Ọkún o, ọmọ mi. Ó ń dán.”

Ó ki òòyà náà bọ irun rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ kejì, ayàwòrán gbé àpótí rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ki orí bọ inú aṣọ dúdú, ó ní kí ìyá dúró de òun díẹ̀. Ọwọ́ ìyá àgbà kúrò lórí itan, ó lọ sókè, ó kan òòyà. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe rántí. Ọwọ́ náà ń padà bọ̀ wálẹ̀ nígbà tí ayàwòrán yà á.

Títí ó fi kú, kò yọ ọ́ ta mọ́. Bí omi bá ń pẹ́ kó tó hó, á kàn jókòó tì í. Àwọn aládùúgbò ń bi mí bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Tèmi kò dúró lẹ́yìn, inú ilé ló ń bá mi gbé. Mo ti gbìyànjú títí láti fi ẹnu kọ orin náà. Mo máa ń rántí ohùn mẹ́rin àkọ́kọ́, ìyókù á sì pòórá, èmi tí mo gbọ́ ọ fún ọdún mẹ́tàlá gbáko.

Fọ́tò náà wà lára ògiri mi títí di òní. Òòyà náà gún régé nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ọwọ́ ìyá àgbà ṣe bàìbàì lẹ́bàá ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé kí ni ọwọ́ yẹn ń ṣe níbẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé irun ló ń tún ṣe.