Ọkọ̀ Ogun Tó Di Yàrá ní Berlin

Ìgbà kejì rèé tí Bọ́sẹ̀ máa sá jáde kúrò nínú yàrá irin wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó fara ti ògiri, ó ń mí hẹlẹ. Ọkọ rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ọmọ wọn jòjòló lọ́wọ́. Ọmọ náà ń ké, kò gba ìgò, ọmú ìyá rẹ̀ ló ń wá, bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà ti ní kí ìyá má tíì fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi ná. Ilé àyẹ̀wò kan ní Reinickendorf, ní Berlin, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá fura pé ìtànṣán olóró, èyí tí òyìnbó ń pè ní radiation, ti wọ ara ẹnì kan, bóyá láti ara oògùn ilé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. Á dùbúlẹ̀ sínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi irin nípọnnípọn kọ́, ẹ̀rọ á sì yẹ ara rẹ̀ wò. Kò sí abẹ́rẹ́, kì í dunni. Ilẹ̀kùn tó ń tì gbàmù yẹn nìkan ni ìṣòro. Mo ti rí ọkùnrin tó ga bí igi àgbọn tó ń pe ìyá rẹ̀ níbẹ̀.

Irin náà kì í ṣe irin lásán. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ju bọ́ǹbù átọ́míìkì ni ìdọ̀tí onítànṣán rẹ̀ ti wà nínú afẹ́fẹ́, irin tí wọ́n bá sì yọ́ lẹ́yìn náà máa ń fa díẹ̀ mọ́ra. Irin àtijọ́ ló mọ́ tó fún iṣẹ́ wa, kí ẹ̀rọ má baà ka ti irin mọ́ ti ara èèyàn. Ara ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ni wọ́n ti gé tiwa, kúrúsà, irú èyí tí kò tóbi púpọ̀ ṣùgbọ́n tó mọ eré sá lórí omi. Ó ja Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tó gbó, wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, ọwọ́ dé ọwọ́, ó bá dé ọ̀dọ̀ wa.

Herr Lindner, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ló fi ìtàn ọkọ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Ó máa ń gba inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ ọ́ fún ẹni tó bá dùbúlẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀: bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣọ́ Òkun Àríwá nínú kùrukùru, bó ṣe ń sin àwọn ọkọ̀ ọlọ́jà, bí àwọn atukọ̀ ṣe ń tọ́jú ológbò kan nídìí ẹ́ńjìnnì. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ dárúkọ òkú kankan fún ẹni tí wọ́n tì mọ́nú irin. Mo gbọ́ràn. Mo tilẹ̀ fi iyọ̀ sí ti ológbò náà. Ìtàn mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ogun ni ọkọ̀ náà lọ.

Hamburg ni Bọ́sẹ̀ ti wá. Nọ́ọ̀sì ni, ní ilé ìwòsàn kan ní Harburg. Bàbá arúgbó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu oògùn onítànṣán ṣìnà jáde kúrò ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, ó sì bì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì yòókù ń dúró de àwọn tó mọ̀ nípa irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Bọ́sẹ̀ kò dúró. Ta ni wọ́n tọ́ nílé Yorùbá tó máa rí àgbàlagbà lórí ìkúnlẹ̀ nínú èébì, tó máa kọ́kọ́ wá ìbọ̀wọ́ lọ? Ó gbé e dìde, ó fi ọwọ́ lásán nu ẹnu rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó mọ ohun tí bàbá mu. Bí oògùn náà bá ti wọ ara rẹ̀, ó lè gba inú ọmú dé ara ọmọ. Yàrá wa ló máa sọ ọ́.

Mo ti ń sọ ìtàn náà fún un lédè Yorùbá, torí ọmọ Yorùbá ni èmi náà, mo ti dé ibi ológbò, kó tó fò dìde lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá wò mí lójú.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn mí. Ọkọ̀ ogun lẹ pè é. Ṣé kò séèyàn tó kú nínú ẹ̀ ni?"

Inú kọ́kọ́ bí mi, nítorí iṣẹ́ ń dúró, ọmọ sì ń ké. Ṣùgbọ́n ojú mi kò gbà mí láti parọ́ fún un.

"Wọ́n kú," mo ní. "Ọta ńlá kan bà wọ́n níwájú ọkọ̀, àwọn ọmọkùnrin tó wà nídìí ìbọn ibẹ̀ ò yè é. Ọkọ̀ náà sì pa àwọn Jámánì. Ó wá dúró, ó fa àwọn tó ṣẹ́ kù jáde nínú omi."

"Ṣé ẹ mọ orúkọ wọn?"

"Rárá, ọmọ mi."

Mo rò pé mo ti ba iṣẹ́ jẹ́. Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá irin náà láìwọ bàtà, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn. Kò gbàdúrà fún ara rẹ̀. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò padà wálé, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì, ló ń bẹ Ọlọ́run fún. Omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀ níwájú. Ojú mi kún fún omi, n kò sì fi í pamọ́.

Ó dìde, ó wọlé, ó dùbúlẹ̀.

"Ṣé kí n máa bá ìtàn lọ?" ni mo bi í.

"Rárá, sà. Ẹ ti ilẹ̀kùn."

Kò mira títí ẹ̀rọ fi parí. Dókítà wa yẹ àbájáde náà wò, ó tún un yẹ̀ wò, ó sì sọ pé kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Bọ́sẹ̀ kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti irin náà, ó sì fún un lọ́mú. Ẹkún dá.

Mo ṣì ń sọ ìtàn ọkọ̀ náà fún ẹni tó bá wọlé. Bí wọ́n bá bi mí ní ti àwọn òkú, mo ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ fún wọn pé ọmọ kan ti mu ọmú yó lẹ́bàá irin ọkọ̀ náà.