Oògùn Tí Kò Lórúkọ

Láyé ọjọ́un, bí ènìyàn bá lo oògùn ibà tí ara rẹ̀ kò yún un, àwọn àgbà á ní oògùn náà kò tíì wọ ẹ̀jẹ̀. Klorokúìnì ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Nínú ilé wa ní Okokomaiko, ìyarun onígi la fi ń bá ara wa họ ẹ̀yìn, a ó sì máa fi ẹni tó ń họra ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi sẹ́ni tó kọbi ara sí i nígbà tí ara ń yún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Aránṣọ ni, ní Ìyànà Ìbà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni ibà kan dá a dùbúlẹ̀. Ìyá wa lọ bá ọkùnrin oníkẹ́mísì ẹ̀bá títì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn nìkan ló ń tà. Bó ṣe máa ń ṣe náà ló ṣe: ó bu hóró funfun, ó bu pupa, ó bu èyí tó dà bí àwọ̀ ọsàn, ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré kan. Àdàlù yẹn lòkìkí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ.

Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, inú ìyá wa dùn, wọ́n sì fún un ní ìyókù. Kò pẹ́ tí ètè rẹ̀ fi wú, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí bí èèpo iṣu sísè. Aṣọ tí a bá ká kúrò lára rẹ̀, awọ ló ń bá a lọ. Ẹni tó ń fi ẹnu gún gbogbo wa kò lè la ẹnu gba omi.

Dókítà obìnrin tó gbà á nílé ìwòsàn ní oògùn ló fà á, kì í ṣe ìgbóná, kì í sì í ṣe ọ̀tá. Ó ní bó bá yè, tó bá tún fẹnu kan oògùn náà, ó lè pa á.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ lọ béèrè orúkọ ẹ̀. Tá a bá ti mọ ìkan yẹn, á lè máa lo àwọn tó kù.”

Ìyá wa, tí wọ́n tó bí ọkùnrin náà lọ́mọ, kúnlẹ̀ fún un níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkùnrin náà kò dárúkọ kankan; ó ní oògùn tí gbogbo Ọ̀jọ́ ń lò ni, ká lọ wo ẹja tí ọmọ wa jẹ. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń bà á. Mo mọ̀, mi ò sì tíì dárí jì í.

Ẹ̀gbọ́n mi yè. Awọ tuntun hù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gba oòrùn mọ́, kò sì lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Látìgbà náà, hóró oògùn kankan kò wọ ẹnu rẹ̀, ìbáà ṣe ti orí fífọ́, abẹ́rẹ́ dókítà kò sì wọ ara rẹ̀. Àgbo ló ń mu. Bí a bá bẹ̀ ẹ́, á ní ká kọ́kọ́ fi èyí tó fẹ́ pa òun han òun.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà òjò, ibà tún dé, ibà lásán tí ọmọdé ń gbé rìn. Àgbo kò ràn án. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì di hóró mú, ìyá wa ń sunkún, ẹ̀gbọ́n mi pa ẹnu dé pinpin. Ibà yẹn ló pa á.

Ọkùnrin oníkẹ́mísì wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì wa, ó ń mi orí, ó ní ó mà ṣe o, pé ibà kì í ṣe ohun tó yẹ kó pa ènìyàn láyé òde òní.

“Ẹ̀ bá ti tètè fún un lóògùn, mà.”

Ìyá wa kọjú sí i.

“Èwo nínú wọn?”

Ó mú fìlà rẹ̀, ó sì dìde.