Òkúta Tí Ọkọ Mi Tẹ́ Sẹ́yìn Ilé

Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Thamesmead, nílùú òyìnbó tí mò ń gbé, òórùn kan máa ń gba ojú fèrèsé kíṣìnnì wọlé sí mi, ó jọ ti ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí. Òórùn òkúta tó mu omi yó ni. Ẹlòmíì lè máà gbọ́ ọ, torí afẹ́fẹ́ adágún omi Birchmere Park kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ju òórùn ìgbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ lọ lágbègbè wa, ṣùgbọ́n èmi máa ń gbọ́ ọ. Bó bá ti kan imú mi, ìyá ọkọ mi ni mo máa ń rí, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, lórí eékún pẹ̀lú kànrìnkàn lọ́wọ́, nínú òtútù tí ajá gan-an kì í fẹ́ jáde sí.

Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìdí rẹ̀. Màmá wá bá wa láti Iléṣà lẹ́yìn ikú bàbá ọkọ mi. Aládùúrà paraku ni wọ́n. Ìdájí kì í bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń gbàdúrà, ẹsẹ̀ wọn sì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Èmi ọmọ Èkó, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì oníkápẹ́ẹ̀tì ni mo ti gba Jésù, a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. "Màmá, ṣé Ọlọ́run ò lè gbọ́ yín látinú parlour ni?" Wọn á rẹ́rìn-ín. "Ó ń gbọ́ mi, ìyàwó mi. Èmi ni mi ò lè gbọ́ tirẹ̀ níbẹ̀."

Ẹrẹ̀ lásán ló wà lẹ́yìn ilé wa nígbà náà. Ọkọ mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì gba iwájú Royal Artillery Barracks kọjá lójoojúmọ́, kò lè fara mọ́ ọn kí ìyá rẹ̀ máa fẹsẹ̀ gún ẹrẹ̀. Ó ní òkúta gidi lòun máa tẹ́ síbẹ̀, kì í ṣe kọnkéré. A jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á. Ọkùnrin tó ń tà á fi òkúta aláwọ̀ eérú kan hàn wá, ó ní ìyẹn le, òtútù kì í rí i gbé ṣe. Ọkọ mi kọjá lára rẹ̀, ó lọ dúró síwájú èyí tó pọ́n rúsúrúsú. Ọkùnrin náà ní ìyẹn máa ń mu omi, pé bí omi bá di yìnyín nínú rẹ̀, á wú, á sì bó òkúta náà bí ẹni bó èèpo; àfi ká kun ún ní oògùn tí kì í jẹ́ kí omi wọlé kí ìgbà òtútù tó dé. Ọkọ mi kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára ni. "Wò ó," ló wí, "exactly bí iwájú ilé Daddy ní Iléṣà ṣe rí. Màá kun ún jàre. Èyí ni Mummy máa dá mọ̀."

Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló fi tẹ́ ẹ. Ó ká àpò ìrẹsì sábẹ́ eékún, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe irú iṣẹ́ náà rí. Iṣẹ́ awakọ̀ ni lóòótọ́, apá ọ̀tún ga ju apá òsì lọ, mo sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ tí Màmá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n dúró, wọ́n wolẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló gbé ilé wa wá síbí?" Ọkọ mi sá wọ kíṣìnnì kí n má bàa rí omi lójú rẹ̀.

Ọkọ mi ò rí òkúta náà kùn. Kí ìgbà òtútù tó dé, ó ti ibi iṣẹ́ wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí oúnjẹ tó jinná. Oúnjẹ jinná, kò dìde mọ́. Àwọn dókítà ní ọkàn rẹ̀ ni. Ọmọ kò tíì sí láàárín wa.

Ìwọ náà mọ àṣà wa. Òbí kì í sin ọmọ, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyàwó, Mummy ò gbọdọ̀ débẹ̀ o. Cemetery yẹn, even the road sef, wọn ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Òkú ọ̀fọ̀ ni." Mi ò jiyàn. Àwọn obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì Màmá jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà, àwa yòókù lọ. Nígbà tí a dé, mo nu bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà kí Màmá má bàa rí erùpẹ̀ ibẹ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà yẹn gan-an ni wọ́n ń wò.

Láti ìgbà náà ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn òkúta náà ní ìdájí kí wọ́n tó gbàdúrà. Mo rò pé ti ìjọ wọn ni, pé ilẹ̀ àdúrà gbọ́dọ̀ mọ́. Òtútù wá dé. Omi ń di yìnyín lórí òkúta kí oòrùn tó yọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń múra àtilọ síbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, mo jáde sẹ́yìn, nǹkan kan rún lábẹ́ bàtà mi. Ojú òkúta kan ti bó, ó ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí èèpo igi gbígbẹ. Mo ṣà á sọ́wọ́. Inú mi bà jẹ́, ó sì tún ru. Ìwọ náà rò ó wò: aṣọ iṣẹ́ ọkọ mi, ilé iṣẹ́ ti gbà á padà, òkúta yìí nìkan ni ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sílẹ̀ dè mí. Mo wọlé lọ bá Màmá. "Màmá, omi tí ẹ ń dà sí i ló ń là á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ stop." Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, ìyàwó mi."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún wà níbẹ̀. Mo já síta pẹ̀lú ìbínú, mo dé ọ̀dọ̀ wọn kí n tó rí i pé èéfín ń rú látinú bàsíà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Ọṣẹ dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kànrìnkàn ìwẹ̀ ló sì wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Ta ló ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ilẹ̀? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi ná. "Màmá, kí lẹ fẹ́ kó ṣẹ́kù fún mi?"

Wọn ò gbójú sókè. "Ẹ lọ sin ín, ẹ fi mí sílé. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ láyé. Mi ò rí i wẹ̀ kẹ́yìn, mi ò mọ ibi tí ẹ tẹ́ ẹ sí. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kàn nìyí. Níbo lẹ ní kí n ti wẹ ọmọ mi?"

Mo jókòó sórí òkúta tútù náà tòun ti aṣọ iṣẹ́ lára mi, mo sun ẹkún tí mi ò rí sun lójú oórì. Màmá fi ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ gbá mi mọ́ra, àwọn náà ń sunkún.

Nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò lọ sílé tààrà. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní ọjà Beresford Square, mo ra aṣọ ìnura mélòó kan lọ́wọ́ obìnrin òyìnbó kan tó pàtẹ síbẹ̀. Mò ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wo ọ̀kan bóyá ó rọ̀, ló bá bi mí, "For the baby, darling?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo bọ́ bàtà mi, mo jáde lọ bá Màmá. Òtútù náà gún mi láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé agbárí. Wọ́n wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. "Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe, ìyàwó mi?"

"Màmá, ọmọ tí a bá wẹ̀, ṣe la máa ń nù ún."

Wọ́n kàn nawọ́ gba ọ̀kan. Bí a ṣe wẹ̀ tán la bẹ̀rẹ̀ sí í nù, Màmá ń fi ìka ti etí aṣọ náà bọ àárín òkúta sí òkúta bí ẹni ń nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ìkókó. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe ní gbogbo ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e. Bóyá ó gba àwọn òkúta náà là, bóyá kò gbà wọ́n, mi ò lè sọ. Díẹ̀ nínú wọn ṣì ń bó lọ́dọọdún.

Nígbà tí Màmá náà lọ, tí àwọn ìyá ìjọ fẹ́ wẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn ṣe é. Àtẹ́lẹsẹ̀ Màmá ti le koko. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ ìnura Beresford Square yẹn, mo nù wọ́n láti orí títí dé àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, mo tún pa dà sórí, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà rọra dì mí lọ́wọ́ mú. "Sister, ó ti tó. Wọ́n ti gbẹ."

Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ kò ju báyìí lọ: ẹni tí wọn ò bá jẹ́ kó rí òkú rẹ̀ wẹ̀, yóò wá nǹkan wẹ̀, má bá a jà, bá a wá aṣọ ìnura. Bí òjò bá dá lónìí tí òtútù sì ń bọ̀, mo ṣì máa ń bọ́ bàtà jáde sẹ́yìn ilé. Òkúta tó pé kò pọ̀ níbẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, ọkọ mi nìkan là ń nù. Ní báyìí, òun àti ìyá rẹ̀ ni.