Ẹni Tó Kọ Ọ́ Ti Jẹ Ẹ́ Bí?

Òórùn gàrí gbígbóná ló máa ń gbé mi padà sí ọjà Elavagnon. Ọdún tí mo fẹ́ parí yunifásítì ni. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ òwò sọ pé ìwé kíkọ ti sú òun: kí kálukú lọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, kó sì tà á tán lọ́jọ́ ọjà kan, ẹni tí kò bá rí i tà yóò tún ẹ̀kọ́ náà ṣe. Ìyá mi, tó ń dáko lẹ́yìn Kamina, wú gbogbo ẹ̀gẹ́ tó kù lóko rẹ̀ fún mi. "Má dójú tì mí o," ló wí.

Mo rin ín, mo fún omi rẹ̀ dànù, mo yan án títí ọwọ́ mi fi bó. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ, ọ̀rá tí mo dì í sí ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀rá tó ń dán ni, mo lẹ ẹnu rẹ̀ pa, mo sì lẹ ìwé pupa mọ́ ọn, tí mo fi Faransé kọ ọ́ sí pé gàrí tó dára jù lọ nìyí.

Títí oòrùn fi kan àtàrí, ẹnikẹ́ni kò ra ẹyọ kan. Wọ́n á gbé e, wọ́n á mì í, wọ́n á dá a padà. Gàrí tàwọn yòókù wà nínú igbá gbayawu. Oníbàárà á bù ú, á jù ú sẹ́nu, á rún un. Mo ń ro ojú ìyá mi.

Arúgbó onígàrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mú ọ̀rá kan. "Mádàámù, kí ni wọ́n kọ síbí?"

Mo kà á fún un.

"Ẹni tó kọ ọ́ ti jẹ ẹ́ bí?"

"Èmi ni mo kọ ọ́, Ìyá."

"Ṣé o ti jẹ ẹ́?"

Ojú tì mí gan-an. Ọjà ni mo kà á sí, n kò kà á sí oúnjẹ. Mama onígàrí náà fi eyín ya ọ̀rá mi tó rẹwà, inú bí mi, ó sì da gàrí sí mi látẹ́lẹwọ́. Mo jù ú sẹ́nu: ó kan díẹ̀, ó ń dún lẹ́nu, ó dùn. Ni mo bá ń ya ọ̀rá, tí mo ń pe èèyàn kí wọ́n wá tọ́ ọ wò. Kí ọjà tó tú, ó ti tán.

Lónìí, mo ń ṣe gàrí ní Atakpamé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Àwòrán ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ fi di gàrí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi hàn mí. Mo máa ń bu gàrí sí wọn lọ́wọ́. "Ẹ jẹ ẹ́ ná," ni mo máa ń wí, n ó sì dúró títí wọn ó fi gbé e mì.