Bá Mi Kí Ìyá Mi

Ẹni tó bá ní Àsíátù aránṣọ kò lójú àánú, kó wá bá mi jà. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Adja-Ouèrè, ní ilẹ̀ Benin níbí, kọjú sí tirẹ̀ gan-an, ó ti di ọdún mọ́kànlá báyìí. Èmi Ràzákì mọ ohun tí ojú obìnrin náà rí.

Ṣakí lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ló jọ wá ránṣọ jẹun níbí. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó mọ èèyàn án sìn bí Àsíátù. Yóò rán àpò kékeré fún ẹni tó ń lọ, yóò kó gààrì àti ẹ̀pà sínú rẹ̀, yóò ru ẹrù rẹ̀ dé oríta tí àwọn onísémíjàn, ọlọ́kadà ibí, ń gbé alùpùpù wọn dúró sí. Bí wọ́n bá fẹ́ gbéra, gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń sọ: "Bá mi kí ìyá mi." Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ń lọ sí Tatonnonkon nítòsí ibí lásán, màá yà lọ́dọ̀ rẹ̀: "Àsíátù, ṣé kí n bá ọ kí ìyá?" Á bú mi, á sì rẹ́rìn-ín.

Nùsírátù ló gbẹ̀yìn nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n ń lò: Nùsírátù á gé aṣọ, Àsíátù á rán an. Àsíátù kò ní fóònù. Ó ní bí mo ṣe ń tú wọn palẹ̀ lójoojúmọ́ kò jẹ́ kó wu òun. Nọ́ńbà Nùsírátù ni wọ́n fi ń pè é láti ilé.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí aṣọ oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù bámúbámú, wọ́n pè: ìyá Àsíátù ti dùbúlẹ̀, ó ń béèrè ọmọ rẹ̀. Bí Àsíátù bá lọ, ta ni yóò rán aṣọ? Nùsírátù gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Wọ́n tún pè. Ó ní, "Mo ti sọ fún un. Ó ní òun ń bọ̀." Ọjọ́ kejì Iléyá ló tó wá bá Àsíátù, tó ń da omi lójú pòròpòrò, ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe òun ni, pé ìyá ti kú.

Nígbà tí Àsíátù dé Ṣakí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kò fẹ́ rí i sójú. "Ìwọ tí o ní ò ń bọ̀!" Ibẹ̀ ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún òun sẹ́nu ọ̀nà, kí òun lè máa wo títì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wo títì.

Àsíátù padà wá, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi nìkan ló sọ fún. Mo ní kí n lọ gbá obìnrin burúkú náà létí, ó ní kí n fi í sílẹ̀. "Yóò lọ sílé lọ́jọ́ kan," ló wí. "Èmi náà ni màá sìn ín." Wọ́n tún jọ ń jẹun nínú àwo kan. Bí mo bá ti rí wọn, ṣe ni màá kẹ̀yìn sí wọn.

Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo ọdún tó kọjá, Nùsírátù di ẹrù rẹ̀, ó ń lọ pátápátá. Àsíátù rán àpò, ó kó gààrì àti ẹ̀pà sínú rẹ̀, ó ru ẹrù dé oríta. Mo tẹ̀ lé wọn, n kò lè jókòó. Nùsírátù gun ẹ̀yìn alùpùpù Rogatien onísémíjàn, ó ń sunkún.

"Ọ̀rẹ́ mi, kí ni kí n bá ọ sọ nílé?"

"Bá mi kí ìyá mi."

Ojú Nùsírátù yí padà. "Àsíátù, ìyá ti kú."

"Mo mọ̀. Ìwọ lo kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń kú lọ. Bí o bá débẹ̀, sọ fún un pé mò ń bọ̀."

Nùsírátù nawọ́ sí i. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n Rogatien, tí kò gbọ́ ju Fọ̀n àti Faransé lọ, rò pé wọ́n ti dágbére tán, ó sì gbéra, ó kọjú sí ọ̀nà Ikpinlè. Àpò náà bọ́ sílẹ̀. Àsíátù ṣa ẹ̀pà inú rẹ̀, ó bù fún mi, a sì ń jẹ ẹ́ bọ̀ wálé. Ó dùn lẹ́nu mi, n kò ní purọ́.

Ní oṣù tó kọjá, fóònù mi dún. Ọmọbìnrin Nùsírátù ni, ó fi nọ́ńbà ìyá rẹ̀ pè láti Ṣakí.

"Bọ̀ọ̀dá Ràzákì, ẹ jọ̀ọ́, màmá mi ti dùbúlẹ̀. Wọn ò jẹun mọ́, orúkọ Àǹtí Àsíátù ni wọ́n ń pè. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n wá foríji màmá mi. Bí wọn ò bá lè wá, kí wọ́n kàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù."

Mo sáré sọdá títì. Àsíátù gbọ́ mi tán, kò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Kí ni kí n sọ fún ọmọ náà?"

"Sọ fún un pé o ti sọ fún mi. Mo ní mò ń bọ̀."

Ó tún ń tẹ ẹ̀rọ lọ. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo pe ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo sì sọ fún un.